Òṣìṣẹ́ Orí Dẹ́kì Kì Í Ṣe Àwòdì

Bí iná bá jó ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá, tí kò kú, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún un ni pé ewu iná kì í pa àwòdì. Ọ̀rọ̀ tó dùn-ún gbọ́ ni. Àwòdì á rí èéfín níbi tí wọ́n ti ń sun igbó, á fò lọ síbẹ̀, á máa gbé eku àti tata tó ń sá fún iná, á sì gòkè lọ kí ahọ́n iná tó kàn án. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa o. Àwòdì ní ìyẹ́. Ìgbà tó wù ú ló ń sọ̀kalẹ̀, ìgbà tó wù ú ló ń gòkè. Ọmọkùnrin tó gbé garawa ọ̀dà gbígbóná gun àkàbà lọ sórí dẹ́kì ilé alájà mẹ́ta ní Lẹ́kí tàbí ní Bódìjà kò ní ìyẹ́ kankan. Sílípáàsì ló wọ̀. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ó máa kí ní "ewu iná kì í pa àwòdì" lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó tán, tí a ó sì máa bá tiwa lọ?

Ìkíni yẹn ti di àṣà tí a fi ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ló ti ya fọ́tò lórí irú dẹ́kì tí mò ń sọ. Ilé òde òní kò ní páánù ṣóńṣó lórí mọ́. Òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n to àga síbẹ̀, wọ́n ta gílóòbù wínníwínní yí i ká, wọ́n ń pè é ní rooftop. Ó rẹwà, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n kọnkéré nìkan kì í dá omi dúró. Bí wọn ò bá fi nǹkan dí i, òjò á rin wọ inú rẹ̀, irin tó wà níbẹ̀ á dípẹtà, àjà yàrá ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi dí i ni ọ̀dà, ìyẹn bitumen, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní kóltà, pẹ̀lú felt, ohun dúdú nínípọn bí ẹní tí wọ́n ti rẹ sínú ọ̀dà, tó máa ń wá ní róòlù róòlù.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọnkéré. Nínú èkíní, wọ́n á gbé sìlíńdà gáàsì gòkè, wọ́n á so páìpù gígùn kan mọ́ ọn tó ń tu iná fìì, wọ́n á máa fi iná yẹn yọ́ ẹ̀yìn felt náà bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ lọ. Èkejì ló ti pẹ́ jù, òun ló sì burú jù lójú tèmi. Wọ́n á kó ọ̀dà dídì sínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé lórí, wọ́n á gbé e ka orí òkúta mẹ́ta, wọ́n á ki igi bọ̀ ọ́ lábẹ́, nígbà mìíràn wọ́n á tilẹ̀ ki táyà àlòkù bọ̀ ọ́, títí ọ̀dà náà á fi yọ́ bí omi. Wọ́n á wá máa bu ú sí garawa, wọ́n á máa fi okùn fà á gòkè, tàbí kí wọ́n gbé e gun àkàbà. Irú dúrọ́ọ̀mù kan náà ni àwọn tó ń dí kòtò ojú títì ń lò. Ẹ ti kọjá lára wọn rí. Èéfín dúdú ni ẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí wọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìgbóná, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa kò mọ irú nǹkan tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn. Omi tó gbóná dé 60°C péré, ìyẹn omi tí kò tíì hó rárá, lè jó awọ àgbàlagbà jinlẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Omi ń hó ní 100°C. Epo ìyá alákàrà, bó bá gbóná débi tí àkàrà ti ń wú dáadáa, wà ní bíi 180°C. Ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ dà sórí dẹ́kì máa ń kọjá 200°C kí ó tó ṣàn bí wọ́n ṣe fẹ́, ó sì lè kọjá 230°C nínú dúrọ́ọ̀mù kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Kò sí ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná níbẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Ọ̀gá á ju igi kékeré kan sí i, á ní "ó ti jinná," bí ẹni tó ń se ẹ̀wà.

Kì í sì í ṣe ìgbóná nìkan ló yà á sọ́tọ̀. Bí epo gbígbóná bá ta sí ọ lára, ó ń ṣàn lọ. Ọ̀dà kì í ṣàn lọ. Bí àtè ṣe ń mú ẹyẹ ló ṣe ń mú awọ ara. Á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa da ìgbóná inú rẹ̀ sínú ẹran ara díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìwọ ń fò sókè sódò. Bí o bá fi ọwọ́ nù ún, ọwọ́ náà á jó. Bí o bá fà á kúrò, awọ á bá a wá. Bí ó bá jẹ́ pé inú bọ́ọ̀tù òjò ló bọ́ sí, kí o tó bọ́ bọ́ọ̀tù náà tán, ó ti ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń ní kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò wà níta bọ́ọ̀tù, kó má wà nínú rẹ̀, kí aṣọ náà sì jẹ́ òwú, torí aṣọ náílọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ á yọ́ mọ́ ara ni. Àmọ́ lọ wo àwọn ọmọ wa lórí dẹ́kì. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù ni wọ́n wọ̀. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù, ohun tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà ni wọ́n fi ń hun ún!

Omi wá ni ọ̀tá tó fara pamọ́. Ẹ̀kán omi kan tó bá bọ́ sábẹ́ ọ̀dà gbígbóná á di oru lójú ẹsẹ̀, oru yẹn á sì nílò àyè tó tó ìlọ́po bíi 1,600 àyè tí omi náà wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ibi tó fẹ́ gbà ju òkè lọ. Ọ̀dà á ru, á hó bí ọṣẹ, á kún bo etí dúrọ́ọ̀mù, á dà sínú iná tó wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì gbiná. Bí ó bá jẹ́ inú garawa tí òjò ti rọ̀ sí ni wọ́n bu ọ̀dà sí, ojú ẹni tó bù ú ló máa ta sí. Ẹni tó bá sì rí dúrọ́ọ̀mù tó gbiná, tó sáré gbé omi láti pa á, ó ti sọ iná kan di iná mẹ́wàá. Ìdérí irin tó bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù náà pinpin ló ń pa irú iná bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn gbígbẹ fún èyí tó ti dà sílẹ̀. Mélòó nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù yìí ló ní ìdérí? Wọ́n ti gé ìdérí náà dànù nígbà tí wọ́n ń ṣí i, nígbà mìíràn wọn ò tilẹ̀ béèrè irú kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi iná gé e.

Ẹ wá wo ìgbà tí àwọn onílé wa máa ń rántí pé dẹ́kì ń jò. Ṣé inú ẹ̀ẹ̀rùn ni? Rárá o. Inú oṣù kẹfà ni, nígbà tí omi bá ti ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á wá pe àwọn oníṣẹ́ pé kí wọ́n wá kíákíá, lónìí, torí àlejò ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Dẹ́kì tutù, felt tutù, igi ìdáná tutù, ọ̀dà tí wọ́n kó sí ìta gbangba tutù. Gbogbo ohun tí kò yẹ kó ní omi lára ló ní omi lára. Ọ̀gá oníṣẹ́ mọ̀ pé kò yẹ. Àmọ́ bí òun bá ní kí wọ́n dúró de ọjọ́ mẹ́ta tí oòrùn máa ràn, lánlọ́ọ̀dù á pe ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń da ọ̀dà 200°C sórí kọnkéré tó rin gbingbin, tó ń ta pàù pàù sí wọn lẹ́sẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù wà nísàlẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Èéfín rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 2013, àjọ IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, tẹ ìwé kan jáde nípa ọ̀dà. Wọ́n ka irú ọ̀dà líle tí wọ́n ń fi ṣe orùlé, èyí tí wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn sí nílé iṣẹ́, àti èéfín tó ń ti ara rẹ̀ jáde, mọ́ ohun tó ṣeé ṣe gan-an kó máa fa jẹjẹrẹ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Iyẹn ni ti ọ̀dà nìkan o, kí ẹnì kan tó fi táyà dáná sí i. Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí èyí, torí jẹjẹrẹ máa ń gba ọdún púpọ̀ kó tó yọjú, iná kì í sì í dúró de ọdún.

Mo bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ nílùú Ìbàdàn. Bàbá kan ni, ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Láti ìgúnwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, awọ ibẹ̀ ń dán, ó sì hun jọ bí ewé tó kan iná. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, sátífíkéètì mi nìyẹn." Okùn tí wọ́n fi ń fa garawa gòkè ló já. Oṣù mẹ́ta ló fi wà nílé. Ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ náà fún un wá kí i lẹ́ẹ̀kan, ó mú búrẹ́dì àti mílíìkì dání, ó sì sọ fún un pé kó dúpẹ́ pé kì í ṣe ojú. Lánlọ́ọ̀dù kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíràn ti gba àyè rẹ̀. Mo bi í bóyá ó béèrè owó gbà-má-bínú. Ó wò mí bíi pé mo béèrè bóyá ó ti dé inú òṣùpá rí. "Lọ́wọ́ ta ni?"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, "lọ́wọ́ ta ni," ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà.

Torí bí ẹ bá bi lánlọ́ọ̀dù, á ní òun ti gbé iṣẹ́ fún kọ́ńtírátọ̀, òun ò mọ ẹni tó gbé garawa. Bí ẹ bá bi kọ́ńtírátọ̀, á ní òun bá ọ̀gá oníṣẹ́ dẹ́kì dúnàá-dúrà ni, ọ̀gá yẹn ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Bí ẹ bá bi ọ̀gá, á ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni, àwọn òbí rẹ̀ ló fà á lé òun lọ́wọ́, òun sì ti ra oògùn fún un. Tàbí á ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an lòun rí i ní ìkóríta tí àwọn lébìrà ti ń dúró. Ìnjíníà? Ìnjíníà ti wọlé sínú mọ́tò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo, ènìyàn mẹ́rin ló jẹ èrè níbẹ̀ kí ó tó kan ọmọ tó gbé garawa. Ní ọjọ́ tí garawa bá dànù, àwọn mẹ́rin yìí á di àjèjì síra wọn.

Òfin tiẹ̀ ti rí irú àrékérekè yìí ṣáájú wa. Ní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan tí wọ́n pè ní Employees' Compensation Act. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò kan tí NSITF ń bójú tó, kí wọ́n lè máa ti ibẹ̀ tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ìdílé ẹni tó bá kú. Òṣìṣẹ́ kì í dá nínú owó náà. Kò tilẹ̀ pọn dandan kó fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀: níbi tí òfin náà ti ń ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́, ó ka ẹni tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà síṣẹ́ mọ́ ọn, ó ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ka kásúà, ó ka ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Àní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò tíì ṣe fìrídọ̀mù! Torí náà, "kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi" tí àwọn ọ̀gá ń sọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àmọ́ ta ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹn fún àwọn oní-garawa? Ilé iṣẹ́ ńlá ń san án torí wọ́n máa ń bi wọ́n ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gba iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá tó ń gbé dúrọ́ọ̀mù kiri nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kò gbọ́ orúkọ NSITF rí. Òfin Factories Act tí à ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ ààbò, bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ, ilé iṣẹ́ tó dúró sójú kan ló kọjú sí. Sáìtì ìkọ́lé tó ń ṣí lónìí tó ń parí lọ́la bọ́ láàárín ìka rẹ̀. Èkó ní Lagos State Safety Commission láti ọdún 2011, ohun tó dára ni. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gun àkàbà díẹ̀ sí i. Orí ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lẹ ìwé mọ́ géètì.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan ti fẹ́ sọ. Á ní, "A fún wọn ní ìbọ̀wọ́, wọn ò wọ̀ ọ́. Olóríkunkun ni wọ́n." Mo gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀. Mo ti rí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n gbé kọ́ ara irin tí ọwọ́ sì wà lásán. Àmọ́ irú ìbọ̀wọ́ wo ni? Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ àwo ni, tàbí èyí tí wọ́n fi ń da sìmẹ́ńtì. Bí ọ̀dà bá kán sí i, á yọ́ mọ́ ọwọ́, nítorí náà ọmọ tó bọ́ ọ sílẹ̀ gbọ́n ju ẹni tó rà á lọ. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ yìí, awọ nínípọn ni, ó gùn kọjá ọrùn ọwọ́. Ẹ fún un ní èyí, ẹ fún un ní ohun tó bo ojú àti ọrùn, ẹ má kún garawa dé ẹnu, ẹ jẹ́ kí ó sinmi mu omi nígbà tí oòrùn bá wà lókè orí àti iná lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ má san owó fún un ní iye róòlù tó tẹ́ lójúmọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ lé e kúrò lórí dẹ́kì. Títí di ìgbà yẹn, ẹ yé pè é ní olóríkunkun, jàre.

Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, ara wọn ti le sí i. Ara ta ló le sí 200°C? Elégùn Ṣàngó ló ń gbé ajere oníná rù lójú ọdún, ó sì ní ètùtù tí wọ́n ṣe kí ó tó jáde. Ọmọ tó wá láti abúlé kó lè rí owó fi wọ Poly kò ṣe ètùtù kankan. Àárọ̀ yìí ló jẹ gààrí, ó sì gun àkàbà.

Ó wá ku àwọn tó ń sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní bí a bá fi gbogbo èyí kún un, iṣẹ́ á wọ́n, àwọn onílé á sá, ebi á sì pa àwọn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni mo máa ń rò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn, torí ebi kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ilé tí à ń sọ. Táìlì tí wọ́n tẹ́ sí báfùróòmù àlejò nìkan, iye rẹ̀ lè ra ìbọ̀wọ́ fún gbogbo oníṣẹ́ tó wà ní àdúgbò yẹn. Ilẹ̀kùn àbáwọlé wá láti ìlú òkèèrè. Ẹni tó ní owó láti ní orùlé pẹrẹsẹ ní owó láti dí i láìjó ènìyàn. Kì í sì í ṣe dandan kí ọ̀dà gbóná rárá. Ọ̀dà tútù wà lọ́jà, èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn bí ọ̀dà ara ògiri. Felt tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn wà, bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń ṣí, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn nǹkan olómi mìíràn wà tí wọ́n ń kùn ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tó ń gan bí rọ́bà. Àwọn kan nínú wọn wọ́n ju ọ̀dà dúrọ́ọ̀mù lọ, kò sì sí èyí tó dára fún gbogbo dẹ́kì. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín wọn, ara ẹnì kan ló ń san án lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ ká pe gbèsè ní gbèsè.

Ohun kan tún ń bí mi nínú, ẹ gbà mí láyè kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀dà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Àgbábù ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tó ti ń sun jáde fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ kiri nítorí rẹ̀, ogun 1914 ló dá wọn dúró. Láti ìgbà náà, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ìjọba kan á dé, á ní òun máa wa ọ̀dà Òǹdó, òmíràn á dé, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. A ti sọ̀rọ̀ owó tó wà nínú ọ̀dà títí ẹnu fi bó. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí olóṣèlú kan sọ̀rọ̀ nípa awọ ẹni tó ń yọ́ ọ rí?

Ní ti ìtọ́jú, ibí yìí la ti ń pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọ̀dà bá dà sí ènìyàn lára, gbogbo àdúgbò á di dókítà. Ẹnì kan á fọ́ ẹyin sí i. Ẹnì kan á fi ọṣẹ ìfọyín ra á. Òmíràn á ní ẹrẹ̀, òmíràn á ní epo pupa, èyí tó burú jù á sì gbé pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì wá láti fi fọ̀ ọ́ kúrò, lára ẹni tí iná ń bẹ nítòsí rẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó yẹ nìyí. Omi ni, omi tútù tó mọ́, kó máa ṣàn lé ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe yìnyín. Ẹ bọ́ aṣọ àti òrùka tí kò lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ má ṣí ọ̀dà náà kúrò. Tí ó bá ti tutù, ó ti di ìbora ojú egbò, àwọn dókítà ní òróró tí wọ́n á fi rọ̀ ọ́ kúrò láìfa awọ ya. Bí ó bá yí ọwọ́ tàbí ìka po bí ẹ̀gbà, ẹ sọ fún àwọn dókítà kíákíá, torí bó ṣe ń tutù ló ń fún ẹran ara pa, á sì gba kí wọ́n là á. Bí ó bá ta sí ojú, omi náà ni, kí ẹ má sì fi ìka kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ bo ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ mímọ́, kí ẹ máa lọ sí ọsibítù tó ní ẹ̀ka ìtọ́jú ẹni tí iná jó. Gbàgádà àti Ìgbóbì wà ní Èkó, UCH wà ní Ìbàdàn. Ẹ má gbé e lọ sí ilé kẹ́mísì.

Ẹ kíyè sí i pé ìtọ́jú àkọ́kọ́ náà gbára lé omi, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ dẹ́kì ni kò ní omi kankan lókè. Dúrọ́ọ̀mù ọ̀dà wà níbẹ̀, gáàsì wà níbẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímọ́ méjì kò sí níbẹ̀. Ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, tí àwọn òbí yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín ń kọ́lé, tàbí tí ẹ̀yin fúnra yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ilẹ̀ jọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Kí ẹ tó bi kọ́ńtírátọ̀ ní iye tó máa gbà lórí dẹ́kì, ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ fi dí i. Bí ó bá ní dúrọ́ọ̀mù, ẹ ní kó wá nǹkan mìíràn. Bí ó bá tẹnu mọ́ ọn, ẹ bi í pé ta ni agbanisíṣẹ́ àwọn ọmọ tó máa gbé garawa, kí ó kọ orúkọ onítọ̀hún sínú ìwé àdéhùn, kí ó sì mú ìwé ẹ̀rí NSITF wá. Ẹ fi iṣẹ́ náà sí oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ dẹ́kì. Ẹ gun òkè lọ wò ó fúnra yín, kí ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tó bá wọ sílípáàsì, iṣẹ́ dúró.

Bí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ bá sì ti jóná lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ fi ìkíni sílẹ̀ ná. Ẹ ya fọ́tò egbò náà àti sáìtì náà, ẹ tọ́jú ìwé ọsibítù, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Òfin 2010 yẹn fún un ní ọjọ́ 14 láti fi tó ẹni tó gbà á síṣẹ́ létí, ó fún ẹni yẹn ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ó sì fún ẹni tó fara pa ní ọdún kan láti béèrè owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè fi ọwọ́ tó jóná kọ lẹ́tà. Ẹ bá a tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù yín, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ kẹrìnlá tó pé.